Ojú tí Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Òwò fi ń Wo Ìmọ̀ Ìṣàkóso

Ọ̀nà kan kò wọjà. Ọ̀nà méjì gbòógì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òwò ní Amẹ́ríkà ń gbà kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣàkóso. Ní Harvard, lẹ́yìn tí Wallace Donham, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, di olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1919, ìtàn ìṣòro iléeṣẹ́ gidi di ohun-èlò ìkọ́ni: akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà á, yóò jiyàn, yóò sì pinnu. Ọ̀nà kejì gbilẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn Gordon àti Howell ní 1959, tí ó gbé ìwádìí àti ìṣirò lárugẹ.

Ẹni tí ó gbára lé ìtàn nìkan lè fi iléeṣẹ́ kan ṣèdájọ́ gbogbo iléeṣẹ́. Ẹni tí ó gbára lé tíọ́rì nìkan lè sọ ọ́ di òfin tí kì í yẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bèèrè ibi tí ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá, àti ibi tí kò ti ní ṣiṣẹ́.