Òjò Ìbàdàn Yẹ ní Wíwọ̀n

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọn ìlú kan ń bẹ láyé tí wọ́n ń fi òjò du ife ẹ̀yẹ, ẹ lè rò pé àlọ́ ni. Òótọ́ ni. Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ìlú márùn-ún, èyíinì ni Syracuse, Buffalo, Rochester, Albany àti Binghamton, a máa wọn òjò dídì tí ó bọ́ sí ìlú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù títí dé òpin rẹ̀. Èyí tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni ó gba ife. Ní ìgbà òtútù 1992 sí 1993, ohun tí Syracuse kà jẹ́ ínǹṣì 192.1, ó ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ.

Wọn kì í fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Wọn a gbé pátákó funfun kalẹ̀ ní gbangba, wọn a fi rúlà wo bí òjò dídì ti ga tó lórí rẹ̀, wọn a kọ iye náà sílẹ̀, wọn a sì gbá pátákó náà mọ́. Òfin ni pé wọn kò gbọdọ̀ gbá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 6. Òjò dídì a máa rì bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń gbá a ní wákàtí wákàtí yóò rí iye tí ó ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ni. Láìsí òfin kan fún gbogbo wọn, ariwo ẹnu lásán ni ìdíje náà ìbá jẹ́.

Àwa kò ní òjò dídì ní Ìbàdàn. Òjò ni a ní, àkọsílẹ̀ tiwa kì í sì í ṣe ohun ìyangàn. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí 10, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 274, Ògùnpa sì kún bo bèbè, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, òkú tí a sì kà ju 200 lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, mìlímítà 187.5 rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀; afárá wó, ó sì ju 100 ènìyàn lọ tí ó bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà ti í ṣírò. Mìlímítà kan òjò lórí ilẹ̀ tí òòró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, omi lítà kan ni. Òrùlé páánù tí ó jẹ́ mítà 10 ní òòró àti mítà 10 ní ìbú yóò da lítà 18,750 sílẹ̀ nínú òjò tí ó tó ti ọjọ́ Jímọ̀ náà, èyíinì ni kẹ́ẹ̀gì 750 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 25. Ẹ wá ro iye òrùlé tí ó fara kan ara wọn láti Òkè Mápó dé Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrunka. Gbogbo omi náà ni ó ń wá ibi tí ó rẹlẹ̀, bí a bá sì ti fi pàǹtí dí ojú odò, ilé wa ni yóò gbà kọjá. Àwọn àgbà ti wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Báwo ni onílé yóò ṣe kọ̀ fún un bí kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀? Ní Ọjà'ba, ẹni kankan kì í ta gaàrí láìní kóńgò, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ta aṣọ láìní ọ̀pá. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá dá, ohun tí à ń wí ni pé, “Òjò òní pọ̀ o!” Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ran ẹnjiníà lọ́wọ́, ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ojú afárá tàbí gọ́tà yóò ti fẹ̀ tó kí omi lè ráyè kọjá. Láti 2014 ni Báǹkì Àgbáyé ti fọwọ́ sí owó dọ́là mílíọ̀nù 200 fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n afárá tí a kọ́ láìmọ ìwọ̀n òjò, àfọ̀njú kọ́ ni.

Ohun èlò ìwọn-òjò kan ṣoṣo kò tó fún ìlú tí ó gbòòrò tó báyìí, nítorí òjò a máa rọ̀ ní Mápó kí Mọ́níyà má rí ẹ̀kán. Ní nǹkan bí ọdún 1441, ní ìgbà ọba Sejong ní Kòríà, a ti ṣe ohun èlò tí a fi ń gba òjò, a sì pín in káàkiri ìgbèríko kí àwọn ìjòyè máa kọ iye òjò ránṣẹ́ sí ààfin. Bí àwọn ìyẹn bá ṣe é ní ìgbà náà, kí ni ó dí ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa lọ́wọ́?

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ wá ohun èlò tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba; ẹ gbé e sí gbangba, kí ó jìnnà sí igi àti ẹ̀bá òrùlé. Ní agogo kan náà ní àràárọ̀, kí ẹni kan ṣoṣo fi rúlà wo omi inú rẹ̀, kí ó kọ iye àti ọjọ́ sínú ìwé, kí ó sì dà á nù. Bí odò bá kún dé ẹnu ọ̀nà ẹnì kan, kí a kọ ìyẹn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwé náà yóò fi han àwọn ará àdúgbò irú òjò tí Kúdẹtì tàbí Ògùnpa kò lè gbé. Bí irú rẹ̀ bá sì ń bọ̀, wọn yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí a kó ọmọ àti arúgbó kúrò ní bèbè odò.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún rí irú ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba àdúrà yìí ní àmín, kí ó ra ìwé àti rúlà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.