Òdo ni òǹkà ti ń bẹ̀rẹ̀: Bí ẹ ṣe lè to máàkì sínú tábìlì ní èdè kọ̀ǹpútà C

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ èdè C, èyí tí Dennis Ritchie ṣe nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yín la gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ 3 ló ṣe ìdánwò 4. Báyìí lẹ máa kọ ọ́:

int maaki[3][4];

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìlà, akẹ́kọ̀ọ́ kan sí ìlà kan. Ìkejì ni iye àyè tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àyè wá jẹ́ 12.

Ibi tó ti máa ń dojú rú rèé: òdo ni C ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Máàkì àkọ́kọ́ wà ní maaki[0][0]. Èyí tó kẹ́yìn pátápátá wà ní maaki[2][3], kì í ṣe maaki[3][4].

Tí ẹ bá ṣèèṣì kọ maaki[0][4] ńkọ́? Kò pọn dandan kí C kìlọ̀ fún yín. Ìlà kan ló ń tẹ̀lé òmíràn gẹ́lẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, torí náà, ó lè jẹ́ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kejì lẹ máa rí. Bí ẹni tó yege ṣe lè di ẹni tó fìdí rẹmi nìyẹn o.

Ẹ máa yọ 1 kúrò nínú iye ìlà àti iye àyè; ibẹ̀ ni òǹkà yín gbọ́dọ̀ parí sí.