Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìdèrè, sòbìyà àti iṣẹ́ obìnrin

Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í san owó rẹ̀, ta ló ń ṣírò rẹ̀? Ní 1989, jọ́nà Social Science & Medicine gbé ìwádìí kan jáde lórí ohun tí ojú ìyá ọmọ ń rí bí sòbìyà bá mú un. Susan Watts, William Brieger àti May Yacoob ló kọ ọ́. Ìdèrè, ní Ìbàràpá wa níbí, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Èèyàn á mu omi tí kò mọ́; ní bí ọdún kan lẹ́yìn náà, aràn á yọ lẹ́sẹ̀, olúwarẹ̀ á sì wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣẹ́ oko tó bàjẹ́ àti ọmọ tí kò lè lọ sílé ìwé ni wọ́n sábà máa ń kà tẹ́lẹ̀. Bí ìyá ọmọ bá wà nílẹ̀, ta wá ni yóò pọnmi? Ta ni yóò dáná, tí yóò yan gààrí, tí yóò pọn ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ìyá ọkọ, orogún tàbí ọmọbìnrin ilé ló sábà máa ń bọ́ sí i. Obìnrin náà ni gbogbo wọn o!

Jọ́nà Gender, Work & Organization, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin, obìnrin àti iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì àti iléeṣẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lójú tèmi, ìdí ààrò gààrí náà, ibi iṣẹ́ ni.

Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìyà ti kúrò ní Nàìjíríà.