Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Mary Collier, alágbàfọ̀ tó fi ewì fèsì ewì

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọdún 1730, Stephen Duck, lébìrà tó ń pa ọkà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ewì lórí làálàá iṣẹ́ oko, ó sì fi àwọn obìnrin tó ń kó koríko jọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu wọn yá ju ọwọ́ wọn lọ. Òkìkí rẹ̀ dé ààfin, Ayaba Caroline sì ń fún un lówó ọdọọdún.

Mary Collier, ọmọ tálákà, alágbàfọ̀ ìlú Petersfield, tí kò rí ẹ̀kọ́ gbà ju kíkà tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ọ lọ, ni ọ̀rọ̀ náà ká lára. Nínú ewì tó fi fèsì, The Woman's Labour, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1739, ó ròyìn bí àwọn alágbàfọ̀ ti ń fòru jí lọ sílé olówó, tí ìyálé ilé á yọ pẹ̀lú ife ọtí lọ́wọ́, tí á máa kìlọ̀ kí wọ́n ṣọ́ ọṣẹ àti iná lò, tí wọn á sì fọ aṣọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi máa ṣàn lọ́wọ́ wọn, nítorí sísì kan tàbí pẹ́nsì 8. Bí ọkùnrin bá sì ti oko dé, ìsinmi ló kàn án. Ṣùgbọ́n obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná, ó ń tọ́jú ọmọ ni.

Ewì kò sọ Collier dọlọ́rọ̀: ó fọṣọ títí ó fi di ẹni ọdún 63. Lónìí, àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ a máa fi ewì rẹ̀ àti ti Duck kọ́ni pọ̀.