Nàmíbíà Gbiná, Gánà Yẹra

Lọ́dún 1965, Edward Bullard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà gbé etí ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà pàdé ara wọn. Wọ́n bára mu gan-an ni. Ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ti gun ara wọn ni ẹnu Odò Ọya wa níbí, ẹ̀bi odò náà sì ni: ẹrẹ̀ tó kó wá lẹ́yìn ìyapa ló mú kí ilẹ̀ yọ síwájú níbẹ̀.

Àmọ́ bíbára mu yẹn lè tan ni jẹ. Ó lè mú ká rò pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà pínyà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìhà gúúsù ná, níbi tí Nàmíbíà àti gúúsù Bràsíl ti fara kanra. Ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 134 sẹ́yìn, kí òkun tó wà láàrin wọn, ilẹ̀ sán. Kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín kan ṣoṣo là ń sọ. Ojú sísán gígùn ni àpáta yíyọ́ gbà jáde, tó ń ṣàn, tó ń dì, tí òmíràn tún ń gorí rẹ̀. Ilẹ̀ tó bò ju Nàìjíríà lọ. Aṣálẹ̀ oníyanrìn ló bá níbẹ̀, ó sì bo òkìtì yanrìn mọ́lẹ̀ tìrísí-tìrísí. Inú yanrìn tó ti di òkúta yẹn ni omi Guaraní wà lónìí, omi abẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Bràsíl ń mu. Orí àpáta dúdú tó ṣàn tó sì dì yẹn ni omi Iguaçu ti ń já ṣòròṣòrò, ilẹ̀ pupa tó sì ti ara rẹ̀ wá ni àwọn àgbẹ̀ São Paulo àti Paraná gbin kọfí sí títí wọ́n fi là. (Iná tó ti kú tipẹ́ ló sọ wọ́n dolówó.) Ìpín Nàmíbíà, tí wọ́n ń pè ní Etendeka, kéré sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ omi níwájú rẹ̀, àpáta ìgbà náà tò léra nípọn, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́nà ibú. Òkè abẹ́ òkun tó ń jẹ́ Walvis nà láti etí òkun yẹn lọ sọ́nà Tristan da Cunha, erékùṣù tó yọná lọ́dún 1961, tí wọ́n fi kó gbogbo ará ibẹ̀ lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Gánà yàtọ̀. Ìyapa pẹ́ kó tó débẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 110 sí 100 sẹ́yìn. Áfíríkà àti Bràsíl kò kọjú síra wọn kí wọ́n máa fà sẹ́yìn. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ họ ara wọn kọjá ni, bí ẹni méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró. Àpá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun títí dòní, Romanche lorúkọ rẹ̀: ó gé òkè tó wà láàrin òkun, ó sì sún un sápá kan ní nǹkan bí 900 kìlómítà, ibi tó jìn jù níbẹ̀ ju 7,700 mítà lọ. Àpáta yíyọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Epo ni Gánà jogún, èyí tí wọ́n rí ní Jubilee lọ́dún 2007, nínú yanrìn tó rọ́ lọ sínú òkun jíjìn lẹ́yìn ìyapa.

Èwo ló wá fi hàn wá jù bí ilẹ̀ ṣe ń pínyà? Ọ̀pọ̀ èèyàn á tọ́ka sí gúúsù, wọn á ní ooru ìsàlẹ̀ ló la ilẹ̀. Ẹ̀yìn Gánà ni mo wà. Ohun tó ṣeé ṣe láìsí iná ńlá, a ò lè sọ pé iná ló fà á. Gúúsù pàápàá jẹ́rìí sí i: ara ilẹ̀ Bràsíl ni èyí tó pọ̀ jù nínú àpáta yẹn wà, òkun kò gba àárín rẹ̀ kọjá, etí rẹ̀ ló gbà, níbi tí àwọn ilẹ̀ àtijọ́ ti so pọ̀ rí. Mo gbà pé ooru náà sọ ilẹ̀ di rírọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó mú ìyapa yá. Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbà, kó wo Kamẹrúùnù. Ó ju ọdún mílíọ̀nù 30 lọ tí iná ti ń yọ lórí ìlà òkè tó ti ibẹ̀ wọ òkun dé Annobón. Òkè Kamẹrúùnù yọná lọ́dún 1999, ó tún yọ lọ́dún 2000 àti 2012, síbẹ̀ Kamẹrúùnù kò tíì pín sí méjì.