Ọmọ Tí Kò Lè Dá Ìyá Àgbà Lóhùn

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ tí ìyá wa àgbà ti Adó-Odò wá kí wa ní ilé wa ní Ọ̀tà. Ó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo sísè wá fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó sì fi oríkì pe ọmọ náà: "Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ mi, ṣé àlàáfíà ni o wà?" Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ náà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú wa, ó sì sá lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bi wá léèrè pé, "Ṣé ọmọ yìí kò fẹ́ràn mi ni?"

Kì í ṣe pé ọmọ náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Èdè ni a ti gbà kúrò lẹ́nu rẹ̀, àwa òbí rẹ̀ gan-an ni a sì gbà á. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì tán lára wa títí di òní. Bí a bá wá ń sọ ọ́ ní gbangba, kì í ṣe láti fi ara wa ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n nítorí pé ohun tí ó ṣe wá ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ilé àwa olùkọ́ ni a sì máa ń bá a jùlọ.

Tọkọtaya ni àwa tí a ń kọ̀wé yìí. Ìyá ọmọ ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ní Ọ̀tà. Bàbá ọmọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ òru ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Sàngó-Ọ̀tà. Ẹni tí ó bá mọ àgbègbè wa yóò mọ bí òwúrọ̀ wa ti ń rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, abẹ́ bíríìjì Sàngó ti kún fọ́fọ́: dáńfó tí ń lọ sí Èkó, ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó ọjà ilé-iṣẹ́, ọkọ̀ tí ń dorí kọ Ìdí-Ìrókò ní ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ti sọ ọ́ di ìlú gbogbo ayé. Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Yewa wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ègùn, Ìgbò, Haúsá, Ùròbò àti àwọn àjèjì tí ó ti òkè òkun wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú àgbàlá tí a ń gbé, yàrá mẹ́wàá ni ó dojú kọ ara wọn, èdè márùn-ún ni ó sì ń jáde láti inú wọn. Gẹ̀ẹ́sì àti píjìn ni àwọn ọmọdé fi ń bá ara wọn ṣeré. A kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ẹni tí yóò gbé pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì, a fi í sí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kan, nítorí pé olùkọ́ kò lè pọn ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn kí ó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò pẹ́ tí alábòójútó ibẹ̀ fi pè wá. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ wa kò yá, ó ní èdè méjì ni ó dà á lórí rú, ó sì gbà wá níyànjú pé kí a má ṣe sọ Yorùbá sí i mọ́ nínú ilé. A kò bá a jiyàn. Ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn gbogbo òbí ni ó mú wa: ìbẹ̀rù pé kí ọmọ wa má baà jẹ́ èrò ẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Fún oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn wa, kí ni a ń sọ? Àṣẹ ni a ń pa. Wá. Jókòó. Má fọwọ́ kàn án. Jẹun kíákíá. Àlọ́ kò sí mọ́. Orin tí a fi ń rẹ ọmọ kò sí mọ́. Àwàdà kò sí mọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀kan nínú wa mọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ojú pátákó, èyí tí èkejì sì mọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ìdí ẹ̀rọ; kò sí èyí tí ó dára fún rírẹ ọmọ tí ó ń sunkún ní òru. Ilé wa tutù. Ọmọ tí wọ́n ní kò sọ̀rọ̀ tó tẹ́lẹ̀ tún wá dákẹ́ sí i. Àárín oṣù wọ̀nyí ni ìyá àgbà dé, tí ó sì bi wá ní ìbéèrè tí a kò rí èsì fún.

Lẹ́yìn ìgbà tí ó lọ ni a tó ṣe ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ti kọ́kọ́ ṣe: a wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a rí kà ni pé àwọn tí ó ń kọ́ nípa bí ọmọdé ti ń kọ́ èdè ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èdè méjì kì í da ọmọ lórí rú. Ọmọ tí ń gbọ́ èdè méjì lè má mọ iye ọ̀rọ̀ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n bí a bá ka ti méjèèjì pọ̀, kì í sábà dín sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá da ọ̀rọ̀ èdè méjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ ni ó ń fi dí àyè èyí tí kò tíì mọ̀. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá, ó ti ń mọ ẹni tí a ń sọ èyí sí àti ẹni tí a ń sọ ìyẹn sí. Bí ọmọ kò bá gbọ́ èdè kankan rárá, ọ̀dọ̀ dókítà tí yóò yẹ etí rẹ̀ wò ni kí a gbé e lọ. Gbígba èdè ìyá lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe oògùn.

Nítorí náà a dá Yorùbá padà sínú ilé. Nígbà ìwẹ̀ òwúrọ̀, Yorùbá ni. Nígbà tí a bá ń ṣa ẹ̀wà, a ó máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí iná mànàmáná bá lọ ní alẹ́, a ó pa àlọ́ ìjàpá nínú òkùnkùn. Gẹ̀ẹ́sì náà ní àyè tirẹ̀: ọmọ ń gbọ́ ọ ní ibi ìtọ́jú rẹ̀ àti lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé a sì ń ka ìwé alápèjúwe ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó yà sọ́dọ̀ ọmọ Ìgbò tí ó wà ní yàrá kejì, ó bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó yíjú padà sí wa, ó ní, "Mọ́mì, mọ́tò mi ti sítọ́ọ̀pù." A rẹ́rìn-ín, a sì dúpẹ́. Nígbà tí ìyá àgbà tún dé, òun ni ó sáré pàdé rẹ̀: "Ìyá àgbà, o ti jẹun?" A fẹ́ bá a wí pé a kì í sọ "o" sí àgbà. Ìyá àgbà ni ó dá wa lẹ́kun, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wá, ọ̀wọ̀ yóò bá a lẹ́nu."

Bí a bá fi ọ̀rọ̀ mọ síhìn-ín, a ó jẹ́ pé a bo ìdajì ẹ̀ṣẹ̀ wa mọ́lẹ̀. Nínú kíláàsì tí ọ̀kan nínú wa ń kọ́, a ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ pátákó fún ọdún pípẹ́, a sì ń jẹ wọ́n níyà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá àgbà kọ́kọ́ wá yìí, a ń kọ́ wọn ní ìṣirò nípa ìdá mẹ́rin. A fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n ní ìbéèrè, kò sí ọmọ tí ó dáhùn. A mú ọsàn kan, a là á sí mẹ́rin, a sì bi wọ́n ní Yorùbá pé bí Àlàbá bá jẹ ẹ̀là kan, èwo ni ó kù nínú rẹ̀? Gbogbo ọwọ́ ni ó lọ sókè. Ọmọ tí a ti ń pè ní olódo ní oṣù mẹ́fà ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Ọjọ́ náà ni a nu àkọsílẹ̀ orúkọ kúrò lójú pátákó.

Ohun tí a rí nínú kíláàsì wa ní ọjọ́ kan, àwọn ọlọ́gbọ́n ti rí i ní ilẹ̀ yìí ṣáájú wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì parí mẹ́ta yòókù bí àṣà. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò kẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìjọba náà kò ṣàì gbọ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 fi àyè fún èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè ìyá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Dókítà Túnjí Aláùsá tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn ọmọ agbègbè tí ó lo èdè ìyá ń kùnà ní ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Àwa kò pe mínísítà ní òpùrọ́. Ìkùnà ìdánwò ń dun àwa olùkọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó ṣe WAEC ní ọdún 2025 ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2019, kí a tó fọwọ́ sí ìlànà ọdún 2022 rárá. Báwo ni ìlànà tí kò bá ọmọ náà ní kíláàsì ṣe lè jẹ́ ohun tí ó mú un kùnà? Lójú tiwa, àìtó ìwé, àìtó olùkọ́ àti kíláàsì tí ó kún jù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi wá pé, ní Sàngó-Ọ̀tà tí èdè pọ̀ sí, èdè ìyá ta ni a ó lò? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí pé ọmọ Ègùn àti ọmọ Ìgbò wà nínú kíláàsì wa. Èrò wa ni pé kí olùkọ́ máa fi èdè àdúgbò ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kéékèèké, kí a kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, kí olúkúlùkù ilé sì máa sọ èdè tirẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. A sọ èyí fún ìyá Ìgbò aládùúgbò wa pẹ̀lú, òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Ìgbò kọrin fún ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èdè méjì ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a dáwọ́ ìyà Yorùbá dúró ní kíláàsì. Kò sí àṣẹ mínísítà kan tí ó ní kí a na ọmọ nítorí èdè ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ rántí pé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń ka Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ ní Yorùbá, láti inú wọn ni a sì ti rí dókítà, adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó tí a jọ pààlà sọ kíkọ́ Yorùbá di òfin ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùdíje bá wá tọrọ ìbò ní Ọ̀tà, ẹ má ṣe gba ìrẹsì àti ankara nìkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé: ìwé Yorùbá mélòó ni ẹ ó kó dé kíláàsì? Olùkọ́ Yorùbá mélòó ni ẹ ó gbà síṣẹ́?

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó ṣe tirẹ̀, kí ilé ṣe tirẹ̀. Ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù wa pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì, kí ó sì dúró gbọ́ bóyá ọmọ náà yóò dáhùn.