Ìtọpasẹ̀ Iṣẹ́-Jíjẹ́ lórí WebSocket

1. Ìfáàrà
Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fi èdè JavaScript kọ ètò fún kọ̀ǹpútà lóde òní. Bí a bá ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe, ọ̀rọ̀ a pèsì jẹ. Bí wọ́n bá sì yíjú sí àwa olùkọ́, ẹnu tiwa náà a wọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí a ṣe ń tọpasẹ̀ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń rán sí kọ̀ǹpútà lórí WebSocket. 'Iṣẹ́' tí a ní lọ́kàn ni èyí tí à ń rán, tí ìránṣẹ́ ń jẹ́.

2. Ohun tí ó fa ìṣòro
Ẹ jẹ́ kí a fi máàkì ìdánwò ṣe àpẹẹrẹ. Olùyẹ̀wò tẹ máàkì ọmọ kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Máàkì náà lọ sọ́dọ̀ sáfà. Sáfà gbé e fún ètò tí ń ṣírò. Ètò yìí gbé e lọ síbi ìpamọ́. Bí kò bá dé ibẹ̀ ńkọ́? Sáfà ní òun ti rán an. Ètò tí ń ṣírò ní òun kò ṣàṣìṣe. Bí kò bá sí ẹ̀rí, olùyẹ̀wò ni a ó ní kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ni yóò sì wà láìní èsì.

3. Kí ni ìtọpasẹ̀?
'Ìtọpasẹ̀' ni a yàn, a kò yan 'ìtọpinpin', nítorí pé ọ̀ràn ni à ń tọpinpin. Ipasẹ̀ ohun tí ó ti kọjá ni à ń tọ̀. Ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ni a ó fún ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀, àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀, àkókò tí ó parí, àti nọ́ńbà ìgbésẹ̀ tí ó bí i. Bí a bá to wọ́n jọ, a ó rí bàbá, ọmọ, àti ọmọ-ọmọ.

Ní 2020, ẹgbẹ́ W3C fọwọ́ sí ìlànà tí a fi ń kọ nọ́ńbà náà. Traceparent ni wọ́n pè é. Ó ní abala mẹ́rin: àmì 2 fún ẹ̀dà ìlànà, 32 fún ìrìn-àjò, 16 fún ìgbésẹ̀ tí ó rán iṣẹ́, àti 2 tí ó ń sọ bóyá a pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́.

4. Ibi tí WebSocket ti yàtọ̀
HTTP dà bí lẹ́tà: ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àpò-ìwé tirẹ̀, ẹ̀yìn àpò náà ni à ń kọ traceparent sí. WebSocket, tí a fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní 2011, kò rí bẹ́ẹ̀. HTTP ni a fi ń ṣí ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, tọ̀tún tòsì lè máa rán iṣẹ́ nígbà tí ó bá wù wọ́n. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní àpò tí a lè kọ nǹkan sí lẹ́yìn. Bí a bá sì lo nọ́ńbà tí a fi ṣí ọ̀nà fún gbogbo wọn, iṣẹ́ àárọ̀ àti ti alẹ́ yóò dàrú pọ̀.

5. Ọ̀nà àbáyọ
Inú iṣẹ́ gan-an ni kí a fi nọ́ńbà sí, gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ayé àtijọ́ ti ń mú àrokò lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí, tí kì í fi í sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. A ó di iṣẹ́ sínú JSON tí ó ní apá méjì: ọ̀kan fún traceparent, èkejì fún ọ̀rọ̀ náà. OpenTelemetry, tí a dá sílẹ̀ ní 2019, ní irinṣẹ́ méjì fún èyí: inject ni olùránni fi ń ki nọ́ńbà bọ̀ ọ́, extract ni olùgbà fi ń yọ ọ́. Olùgbà yóò wá bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ fún èyí tí ó rán an.

Ohun mẹ́ta ni kí a ṣọ́ra fún:
(a) Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí a ṣí ìgbésẹ̀ fún, kì í ṣe gbogbo àkókò tí ọ̀nà fi wà ní ṣíṣí.
(b) Bí iṣẹ́ bá dé láìní nọ́ńbà, kí olùgbà má ṣe lé e padà; kí ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò tuntun fún un.
(d) Kí a má ṣe kọ orúkọ tàbí máàkì ọmọ sínú àkọsílẹ̀ ìtọpasẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ojú ni yóò rí i.

6. Àgbálọgbábọ̀
Ẹ jẹ́ kí a padà sí máàkì tí ó sọnù. Nísinsìnyí, a ó rí i pé ó kúrò lọ́dọ̀ olùyẹ̀wò, ó dé sáfà, ó dé ọ̀dọ̀ ètò tí ń ṣírò. Ìgbésẹ̀ ìpamọ́ ni kò parí. Ibẹ̀ ni àtúnṣe yóò ti bẹ̀rẹ̀. Olùyẹ̀wò yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, yóò tún máàkì náà tẹ̀, ọmọ yóò sì rí èsì rẹ̀ gbà.

A rọ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kí wọ́n dán 'ìtọpasẹ̀' àti 'ìgbésẹ̀' wò nínú kíláàsì. Èyí tí kò bá yé akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, kí a jọ wá òmíràn.